Orúkọ Lórí Omi: Ìtàn Ìlú Èbúté Warri Láti Ayé Àwọn Pọtogí Títí Di Òní

Ìfáàrà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Òwe yìí bá ọmọ ènìyàn mu, ó sì bá ìlú mu pẹ̀lú. Orúkọ ìlú kì í ṣàìní ìtàn nínú. Ó lè jẹ́ orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó, ó lè jẹ́ orúkọ odò tó yí i ká, ó sì lè jẹ́ orúkọ tí àjòjì fún un bó ti ń kọjá lọ. Ohun tó ṣòro ni láti mọ ohun tí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ń jẹ́rìí sí. Ṣé ẹni tó sọ ibì kan lórúkọ náà ló ni ibẹ̀? Ṣé orúkọ tó kọ́kọ́ wọ inú ìwé ló gbọdọ̀ borí gbogbo àwọn yòókù? Ní Warri, ìlú èbúté tó wà ní Ìpínlẹ̀ Delta, ìbéèrè yìí kì í ṣe àríyànjiyàn àwọn ọ̀mọ̀wé lásán. Ẹ̀mí ti ṣòfò nítorí rẹ̀, ilé sì ti jóná.

Kí ohun tó ya Warri sọ́tọ̀ lè hàn kedere, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo ìlú ńlá kan lókè òkun tí ìtàn rẹ̀ fara jọ ọ́ lójú àkọ́kọ́. Ìlú náà ni San Antonio, ní Texas, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà ọdún 1691, àwọn ará Spéìn kan dé etí odò kan níbẹ̀. Ọjọ́ ìrántí Antoni Mímọ́ ti Padua ni ọjọ́ náà, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pe ibẹ̀. Ní 1718 wọ́n kọ́ ilé àwọn ajíhìnrere àti àgọ́ àwọn ọmọ ogun síbẹ̀. Ní 1731 àwọn ìdílé kan láti erékùṣù Canary dé, wọ́n sì fi òfin ọba Spéìn dá ìgbìmọ̀ ìlú sílẹ̀. Orúkọ, ilẹ̀, òfin àti ìbọn ló jọ wọlé pọ̀. Texas bọ́ sọ́wọ́ Mexico ní 1821, ó dá dúró ní 1836, ó sì dara pọ̀ mọ́ Amẹ́ríkà ní 1845, síbẹ̀ orúkọ ìlú náà kò yí padà.

Antoni Mímọ́ yìí kan náà, ìlú Lisbon ní ilẹ̀ Pọtogí ni wọ́n bí i sí. Orúkọ rẹ̀ dé ààfin Warri pẹ̀lú, nítorí ọba kan jẹ níbẹ̀ tó ń jẹ́ Dom António Domingos. Àmọ́ ibi tí ìjọra náà parí sí nìyẹn. Àwọn ará Spéìn sọ San Antonio lórúkọ, wọ́n sì gba ilẹ̀ rẹ̀. Àwọn Pọtogí sọ odò Warri lórúkọ, wọn kò gba ilẹ̀ rẹ̀. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni bí orúkọ àti ilẹ̀ ṣe rìn ní ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní Warri, àti ìdí tí kò fi bójú mu láti fi ọ̀kan ṣe ẹ̀rí èkejì.

Àwọn Tó Wà Lórí Omi Kí Àjòjì Tó Dé

Ìtàn àbáláyé àwọn Itsekiri sọ pé ọmọ ọba Ìbìní kan tó ń jẹ́ Ginuwa, ọmọ Ọba Olua, ló kúrò ní Ìbìní ní ìparí ọ̀rúndún karùn-ún-dín-lógún. Òun àti àwọn ọmọ ìjòyè tó tẹ̀lé e gba ojú omi lọ láti ibi kan dé ibòmíràn, títí tó fi dé Ijala, níbi tó kú sí. Ijala ni wọ́n ṣì ń sin àwọn ọba Itsekiri sí. Àwọn àrólé rẹ̀ ló tẹ̀dó sí Ode-Itsekiri, tí àwọn òyìnbó wá mọ̀ sí Warri Ńlá. Erékùṣù ni ibẹ̀, omi ló yí i ká. Abájọ tí oríkì ọba náà fi jẹ́ Ogiame. Ọ̀rọ̀ Ẹdó ni: ‘ogie’ ni ọba, ‘ame’ sì ni omi.

Ṣùgbọ́n Ginuwa kò bá ilẹ̀ ní òfìfo. Ìtàn àwọn Itsekiri fúnra wọn jẹ́wọ́ pé àwọn ènìyàn ti wà ní ìletò bíi Ureju àti Omadino kó tó dé. Èdè ni ẹlẹ́rìí tó lágbára jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bí ọba bá ti Ìbìní wá pẹ̀lú àwọn ọmọ ìjòyè, tí àwọn aráàlú kò sì sọ èdè Ẹdó, a jẹ́ pé àwọn tó bá nílẹ̀ ló gba èdè wọn. Èdè Itsekiri jẹ́ ìbátan Yorùbá tímọ́tímọ́. Iṣẹ́ ìwádìí tí Akinkugbe parí ní 1978 lórí ìró àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá, Itsekiri àti Ígálà fi hàn pé ìyá kan náà ló bí wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Itsekiri àti Ígálà jẹ́ èdè tó dá dúró láyè ara wọn.

Ìbátan yìí hàn nínú orúkọ ènìyàn. Níbi tí Yorùbá ti ń pe ‘ṣ’, Itsekiri sábà máa ń pe ‘ts’. ‘Ọmọ’ Yorùbá ni ‘oma’ níbẹ̀. ‘Oritse’, orúkọ tí wọ́n ń pe Ọlọ́run, sì bá ‘Òrìṣà’ tan. Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ orúkọ bíi Omatsola, Omatseye tàbí Toritseju kò ní pẹ́ kó tó mọ̀ pé ọmọ, ọlà, ẹ̀yẹ àti Òrìṣà ni wọ́n ń sọ. Oyè ọba pàápàá, Olu, kò ṣàjèjì sí ẹni tó mọ Olú ti Ìlaròó. Lẹ́nu àwọn Itsekiri, Iwere ni orúkọ ilẹ̀ náà. Iwere yìí ni àwọn Pọtogí gbọ́ tí wọ́n fi kọ Oere sínú ìwé wọn, òun náà ló sì wá di Warri lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn Itsekiri nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Àwọn Ijaw ti ń gbé orí omi àti etí òkun, wọ́n ń pẹja, wọ́n ń ṣòwò. Ogbe-Ijoh jẹ́ ọ̀kan lára ibùdó wọn létí Warri. Àwọn Urhobo ló wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ, àwọn ló ni igbó ọ̀pẹ. Nínú ìlú tí a mọ̀ sí Warri lónìí, àwọn Urhobo ará Agbassa àti Okere ní ìtàn ìtẹ̀dó tiwọn, àwọn Itsekiri ará Okere náà sì ní tiwọn. Ìtàn wọ̀nyí kò bára mu ní gbogbo ọ̀nà. Ohun tó dájú ni pé kò sí ẹ̀yà kan nínú wọn tó lè jẹun yó láìsí àwọn yòókù.

Àwọn Pọtogí ní Ààfin Iwere

Àwọn Pọtogí dé etíkun yìí ní ìparí ọ̀rúndún karùn-ún-dín-lógún. Bí wọ́n ti ń bá etíkun lọ ni wọ́n ń sọ ẹnu odò kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Odò Ìbìní ni wọ́n pè ní Rio Formoso, èyí ni odò arẹwà. Èyí tó tẹ̀ lé e ni wọ́n pè ní Rio dos Escravos, odò àwọn ẹrú. Ìkẹta ni Rio dos Forcados, nítorí pé ó pínyà bí ẹ̀ka igi. Formoso ti parẹ́, ṣùgbọ́n Escravos àti Forcados wà nínú àwòrán ilẹ̀ títí di òní. Orúkọ wọ̀nyí sọ ohun tí atukọ̀ rí láti orí ọkọ̀ àti ohun tí oníṣòwò wá rà. Wọn kò sọ ohun tí àwọn tó ń mu omi odò náà ń pè é.

Ní àwọn ọdún 1570, bíṣọ́ọ̀bù São Tomé rán àwọn àlùfáà ẹgbẹ́ Augustine sí Iwere. Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọba kan, wọ́n sì sọ ọ́ ní Sebastião. Nígbà tó jọba tán, kò fi ẹ̀sìn tuntun náà sílẹ̀. Ní nǹkan bí 1600, ó rán ọmọ rẹ̀ Domingos lọ sí ilẹ̀ Pọtogí láti lọ kẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ náà kàwé ní Coimbra, ó lò tó ọdún mẹ́wàá lọ́hùn-ún, ó sì fẹ́ obìnrin ọlọ́lá kan níbẹ̀ kó tó padà wálé. Òun ni àwọn Itsekiri ń pè ní Olu Atuwatse Kìíní. Nígbà yẹn, kò sí ilé ìwé gíga kankan ní ibi tó di Nàìjíríà lónìí, kò sì ní sí fún ohun tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún lẹ́yìn náà. Ọmọ tí ìyàwó náà bí fún un, Dom António Domingos, jọba lẹ́yìn rẹ̀. Ní 1652 ọba yìí kọ̀wé sí Póòpù ní Róòmù pé kí wọ́n rán àlùfáà sí òun.

Lẹ́tà yìí tọ́ sí àgbéyẹ̀wò, nítorí ó fi ìdí ọ̀rọ̀ hàn. Ọba ló ń bẹ̀bẹ̀ pé kí àlùfáà wá. Òun ló pè wọ́n, òun ló sì lè lé wọn. Kò sí àgọ́ ọmọ ogun Pọtogí ní Iwere, kò sí gómìnà, kò sí owó orí tó ń lọ sí Lisbon. Ìwádìí tí A. F. C. Ryder gbé jáde ní 1960 lórí iṣẹ́ àwọn ajíhìnrere ní Warri fi ìdí tí ẹ̀sìn náà kò fi ta gbòǹgbò hàn. Àlùfáà kò pọ̀, ibà ń pa àwọn tó wá, São Tomé tí wọ́n ti ń wá fúnra rẹ̀ kò rí jẹ, ọkọ̀ òkun kì í sì í dé déédéé. Nígbà tí àwọn Dọ́ọ̀ṣì gba odi Elmina lọ́wọ́ àwọn Pọtogí ní 1637, agbára àwọn Pọtogí ní etíkun yìí ti wọmi. Nígbà tó fi máa di ìdajì ọ̀rúndún kejìdínlógún, ẹ̀sìn náà ti di ti ààfin àti ti ìdílé díẹ̀, àwọn ọba kan sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀ pátápátá.

Ohun tó kù lẹ́yìn wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò ṣeé fojú fò. Adé Itsekiri tó ní àmì àgbélébùú lórí jẹ́ ọ̀kan. Èdè ni ìkejì. Nínú èdè Itsekiri, orúkọ bàtà àti ṣíbí wá láti inú ọ̀rọ̀ Pọtogí, ‘sapato’ àti ‘colher’. Èdè Pijin tí gbogbo Warri ń sọ lónìí kún fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀. ‘Sabi’ wá láti inú ‘saber’, tó túmọ̀ sí láti mọ̀. ‘Pikin’ wá láti inú ‘pequenino’, ohun kékeré. ‘Palava’ wá láti inú ‘palavra’. Ọ̀rọ̀ lásán ni ‘palavra’ túmọ̀ sí ní Pọtogí, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn oníṣòwò etíkun ti sọ ọ́ di ẹjọ́ àti wàhálà.

Láti Òwò Ẹrú sí Òwò Epo Pupa

Orúkọ Escravos kì í ṣe àwàdà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni wọ́n tà gba odò wọ̀nyí kọjá sí São Tomé, Brazil àti àwọn erékùṣù Amẹ́ríkà. Nígbà tí òwò ẹrú ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, epo pupa ló rọ́pò rẹ̀. Àwọn Urhobo ń fún epo, àwọn Itsekiri ń fi ọkọ̀ ojú omi kó o lọ bá òyìnbó létí òkun. Bí òwò ṣe kúrò ní ààfin tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà ńlá létí Odò Ìbìní, bẹ́ẹ̀ ni agbára ọba ń dín kù. Olu Akengbuwa Kìíní wàjà ní 1848, kò sì sí Olu mìíràn lórí ìtẹ́ fún ọdún 88.

Ní 1851, Beecroft tí í ṣe kọ́ńsù Gẹ̀ẹ́sì yan Idiare ṣe gómìnà odò, láti máa bójú tó òwò láàrin òyìnbó àti aráàlú. Ipò yìí dé ọwọ́ Nana Olomu ní 1884. Obaro Ikime, ẹni tó kọ ìwé odindi kan nípa rẹ̀ ní 1968, fi hàn pé oníṣòwò tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú ni Nana, àti pé ohun tó dá ìjà sílẹ̀ ni pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ alágàta mọ́. Wọ́n dá ìjọba ààbò sílẹ̀ ní 1891, wọ́n sì fi igbákejì kọ́ńsù sí Sapele àti Warri lọ́dún náà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1894, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fọ́ Ebrohimi, ìlú Nana. Wọ́n gbé Nana lọ sí Calabar, lẹ́yìn náà sí Accra. Ọdún 1906 ló tó padà wálé, ó sì kú ní 1916.

Ìlú Èbúté àti Ilẹ̀ Ìyálò

Ibi tí igbákejì kọ́ńsù tẹ̀dó sí ní 1891 ni ìlú Warri òde òní ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe Ode-Itsekiri tí àwọn Pọtogí mọ̀. Orí ilẹ̀, létí odò, ni ìlú tuntun yìí wà. Orúkọ Warri rékọjá omi, ó sì bọ́ sórí ilẹ̀ tí oríṣiríṣi ènìyàn ti ń gbé. Ìdí ìjà ọgọ́rùn-ún ọdún nìyí. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ ilẹ̀ fún ọ́fíìsì, fún àgọ́ ọmọ ogun àti fún àwọn ilé iṣẹ́ òwò. Láàrin 1906 àti 1911, Dore Numa, olóyè Itsekiri tí Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe aṣojú wọn, ló fọwọ́ sí àdéhùn ìyálò ilẹ̀ wọ̀nyí. Àwọn ará Agbassa gbà pé ilẹ̀ àwọn ló fi tọrẹ. Wọ́n pè é lẹ́jọ́ ní àwọn ọdún 1920, wọ́n sì pàdánù. Ẹjọ́ parí ní kóòtù, kò parí nínú ọkàn.

Dore kú ní 1932. Ní 1936 wọ́n fi Ginuwa Kejì jẹ Olu. Oyè tí Gẹ̀ẹ́sì fún un ni Olu ti Itsekiri, kì í ṣe Olu ti Warri. Ní 1952, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn yí oyè náà padà sí Olu ti Warri. Warri nígbà náà kì í ṣe orúkọ ìlú nìkan. Ó tún jẹ́ orúkọ gbogbo ẹkùn, níbi tí àwọn Urhobo àti Ijaw pọ̀ sí. Rúkèrúdò bẹ́ sílẹ̀. Ọ̀nà tí ìjọba gbà pẹ̀tù sí i ni pé wọ́n yí orúkọ ẹkùn náà padà sí Delta. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí àwọn Pọtogí gbọ́ ní àgbọ́ọ̀gbọ́tán ló di ohun tí wọ́n ní láti pín sí méjì kí àlàáfíà tó wà.

Ọkọ̀ Òkun, Epo Rọ̀bì àti Ìjà

Èbúté ló sọ Warri di ìlú ńlá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Forcados lókìkí jù ú lọ. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ńlá ti ń já ẹrù Èkó sínú ọkọ̀ kéékèèké, títí tí wọ́n fi ṣí ẹnu òkun Èkó fún ọkọ̀ ńlá ní 1914. Iyanrìn ń dí ẹnu odò Forcados díẹ̀díẹ̀. Ní Warri, ilé iṣẹ́ John Holt ní èbúté tirẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ sì ń gba Ọya gòkè lọ sí ilẹ̀ Hausa láti kó ẹ̀pà àti òwú wá. UAC ń ṣe bákan náà ní Burutu. Ní 1964, wọ́n parí ògiri òkúta tó ń dá ìgbì dúró ní ẹnu odò Escravos, ọkọ̀ ńlá sì lè wọlé lọ sí Warri, Koko àti Sapele láìkọ́ lu iyanrìn. Báyìí ni odò àwọn ẹrú di ẹnu ọ̀nà èbúté. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, Àjọ Èbúté Nàìjíríà gba èbúté Warri lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò; lẹ́yìn ogun abẹ́lé, nígbà tí owó epo ń wọlé, wọ́n kọ́ èbúté tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́.

Epo rọ̀bì mú kí ìlú náà gbilẹ̀ ní kíákíá. Ilé ẹ̀kọ́ nípa epo rọ̀bì bẹ̀rẹ̀ ní Effurun ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ilé iṣẹ́ ìfọpo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ekpan ní 1978, ilé iṣẹ́ irin sì bẹ̀rẹ̀ ní Aladja ní 1982. Warri àti Effurun lẹ̀ mọ́ ara wọn débi pé àjòjì kò mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Àwọn Ìgbò, Yorùbá, Ísókó, Ẹdó àti Hausa wá síṣẹ́ níbẹ̀, Pijin sì di èdè tí ọmọ gbogbo ẹ̀yà ń fi ń ṣeré lójú títì. Nínú èdè yìí ni àwọn apanilẹ́rìn-ín Warri ti gbayì káàkiri Nàìjíríà.

Síbẹ̀, ọrọ̀ tuntun jí ìjà àtijọ́. Nígbà tí ìjọba ológun dá Ìpínlẹ̀ Delta sílẹ̀ ní 1991, Asaba ló di olú-ìlú, kì í ṣe Warri. Ní 1997, wọ́n dá ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Warri sílẹ̀. Àwọn Ijaw gbọ́ pé Ogbe-Ijoh ni ibùjókòó rẹ̀ yóò wà, lẹ́yìn náà ó bọ́ sí Ogidigben láàrin àwọn Itsekiri. Ogun abẹ́lẹ̀ tó tẹ̀ lé e wá, ó lọ, ó tún padà wá títí di 2003. Àwọn ìletò orí omi jóná, ènìyàn púpọ̀ kú, àwọn ilé iṣẹ́ kó ẹrù wọn lọ, ọkọ̀ òkun sì ń bẹ̀rù odò náà. Ní 2006, ìjọba fa èbúté lé àwọn aládàáni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n iyanrìn tún ti ń dí ojú ọ̀nà Escravos, ògiri òkúta ibẹ̀ sì ti ń wó. Ojú irin láti Itakpe dé Warri, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1987, ni wọ́n ṣí ní 2020. Ọ̀rọ̀ pípín wọ́ọ̀dù ìdìbò dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní 2022, ilé ẹjọ́ sì pàṣẹ pé kí àjọ elétò ìdìbò tún un pín. Ìpínyà ọ̀hún ṣì mú ìfẹ̀hónúhàn wá ní 2025.

Àgbálọgbábọ̀

Nínú gbogbo ìjà wọ̀nyí, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ló ń gbé orúkọ kalẹ̀ bí ẹ̀rí. Àwọn kan á ní ìwé Pọtogí ti dárúkọ ọba àwọn láti ìgbà pípẹ́ sẹ́yìn. Àwọn kan á ní orúkọ àdúgbò kan wà ní èdè àwọn. Òtítọ́ lè wà nínú gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí orúkọ lè sọ ní ààlà. Oere inú ìwé Pọtogí fi hàn pé ọba kan wà tí àjòjì ń bọ̀wọ̀ fún. Kò fi hàn bí ààlà ilẹ̀ rẹ̀ ṣe rí, nítorí atukọ̀ tó kọ ọ́ kò rìn dé ààlà kankan. Ìbátan Itsekiri àti Yorùbá fi hàn pé àwọn baba ńlá wọn jọ sọ èdè kan rí. Kò sọ Warri di ilẹ̀ Yorùbá. Escravos fi hàn pé wọ́n ta ẹrú níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó jẹ́ fi èyí gba ilẹ̀.

Ìdí nìyí tí iṣẹ́ fi wà fún àwọn onímọ̀ èdè. Ní San Antonio, ìjọba Spéìn kọ orúkọ, àdéhùn àti ààlà sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, òpìtàn sì lè kà á. Ní Warri, ẹnu àwọn àgbà ni ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ wà. Orúkọ odò, ọ̀sà, igbó, ojúbọ àti àdúgbò wà ní Itsekiri, Urhobo àti Ijaw. Nígbà mìíràn ibì kan náà ní orúkọ mẹ́ta. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá lè gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn àti ìtàn tó wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìfi ti ẹ̀yà kan pa ti èkejì rẹ́, yóò hàn pé orúkọ mẹ́ta lórí odò kan kì í ṣe irọ́ méjì àti òtítọ́ kan. Ẹ̀rí ni pé ènìyàn mẹ́ta ti jọ ń pọn omi níbẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Àwọn tó ń sọ irú ìtàn náà ń dín kù lọ́dọọdún, ọ̀pọ̀ ìletò tó ni orúkọ náà sì ti jóná kúrò lórí omi láàrin 1997 àti 2003.